Kọ Ọ́ Kí Wọ́n Lè Yẹ̀ Ẹ́ Wò: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Àpilẹ̀kọ Ìwádìí Ìṣègùn

Àwọn tó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń kọ ìwádìí ìṣègùn àti bí a ṣe ń gbé e jáde nínú jọ́nà. Ọ̀pọ̀ yín ti jókòó rí níbi tí wọ́n ti kọ́ yín ní iye ojú ewé, bí a ṣe ń to orúkọ ìwé sẹ́yìn àpilẹ̀kọ, àti irú lẹ́tà tí a fi ń tẹ̀ ẹ́. Mi ò ní pẹ́ nídìí ìyẹn. Ohun tó ń dùn mí, tó sì gbé mi dìde, ni pé ìdí tí a fi ń kọ ọ́ gan-an ti ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Pépà ti di ohun tí à ń kà níye bí ọdún ìgbéga bá dé: mélòó lo ní, mélòó ló jáde lókè òkun? Ẹni tó ní mẹ́wàá á rẹ́rìn-ín, ẹni tó ní mẹ́rin á fọwọ́ lẹ́rán. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé ta ló ka ọ̀kan nínú wọn, kí ló sì fi ṣe.

Lójú tèmi, ìdí kan ṣoṣo ló tóó gbára lé. À ń kọ ìwádìí kí ẹni tí kò mọ̀ wá rí, tí kò sì sí ìdí tó fi gbọ́dọ̀ gbà wá gbọ́, lè gba ọ̀nà tí a gbà, kó sì dé ibi tí a dé. Tàbí kó rí ibi tí a ti ṣìnà, kó sì sọ ọ́ fáyé gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ososa, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde. Láyé ìgbà tí Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, àìsàn kan wà láwọn ìlú àti abúlé agbègbè náà tí kì í pani lọ́jọ́ kan. Àtẹ́lẹsẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀: á máa ta èèyàn, á máa jó o, nígbà tó bá yá á kú tìrì. Onítọ̀hún ò ní mọ bí ilẹ̀ tó ń tẹ̀ ṣe rí mọ́, á wá máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, pàápàá bílẹ̀ bá ti ṣú. Ojú á máa ṣe bàìbàì, etí á máa wúwo. Irú àìsàn bẹ́ẹ̀, ẹ mọ ibi tí a máa ń gbé e lọ nílé wa.

Dókítà Benjamin Oluwakayode Osuntokun, ọmọ Òkè-Mẹsí tó ń ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn, fara balẹ̀ ti àwọn aláìsàn yìí. Ó kọ ohun tó rí lára oníkálukú sílẹ̀. Ó gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Ó fi ẹ̀rọ wọn bí ìmọ̀lára ṣe ń yára gba inú iṣan wọn kọjá. Ó béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ: ẹ̀gẹ́ láàárọ̀, ẹ̀gẹ́ lálẹ́, ẹran àti ẹja kò tó nǹkan. Ó rí i pé thiocyanate, ohun tí ara máa ń sọ sáyánáìdì dà, pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ní 1968, ó gbé gbogbo rẹ̀ jáde nínú Brain, jọ́nà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1878. Sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ ló fura sí, ó sì sọ ohun tó jẹ́ kó fura sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn oníṣègùn ọpọlọ àti iṣan nílẹ̀ òkèèrè gbọ́ orúkọ Ìbàdàn nípasẹ̀ iṣẹ́ náà.

Ibi tí ìtàn yìí ti wọ̀ mí lára jù ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Osuntokun di olóògbé ní 1995. Dókítà O. S. A. Oluwole, ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, tí Hans Rosling ará Sweden wà nínú wọn, gba Ososa lọ. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe fún wọn ni pé Osuntokun ti kọ ọ́ sílẹ̀: ìlú wo ni, irú àwọn wo ló yẹ̀ wò, kí ló gbọ́dọ̀ wà lára èèyàn kó tó pè é ní aláìsàn náà. Ní 2000, wọ́n kọ ọ́ pé àrùn náà ṣì wà níbẹ̀, kò tíì lọ. Ní 2002, wọ́n gbé òmíràn jáde: àwọn ti rí ìlú kan tí sáyánáìdì ẹ̀gẹ́ ti ń wọ ara àwọn èèyàn púpọ̀, síbẹ̀ àrùn náà ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2003, wọ́n ti sọ ọ́ ní gbangba pé ẹ̀rí ọwọ́ àwọn kò gbe ọ̀rọ̀ sáyánáìdì lẹ́yìn.

Ẹ bá mi wò ó. Nílé wa, ọmọ wo ni yóò dìde láàárín àwùjọ, kó sọ fún irú àgbà bẹ́ẹ̀ pé ọ̀rọ̀ yín kò rí bẹ́ẹ̀? Wọ́n á ní wọn ò kọ́ ọ nílé. Ṣùgbọ́n Oluwole ò bú ẹnikẹ́ni. Ó lọ síbi tí àgbà lọ, ó wọn ohun tí àgbà wọ̀n, ó sì kọ ohun tí òun náà rí. Mo gbà tọkàntọkàn pé kò sí ọ̀wọ̀ tí èèyàn lè bù fún Osuntokun tó ju ìyẹn lọ: wọ́n ka iṣẹ́ rẹ̀ kúnná débi pé wọ́n rí ibi tí wọ́n á ti bá a jiyàn. Bó bá jẹ́ pé ẹnu lásán ni Osuntokun fi sọ ọ́ ní wọ́ọ̀dù, tàbí pé ó kọ ọ́ wúruwùru, ẹ̀gẹ́ ni à bá ṣì máa dá lẹ́bi títí dòní láìsí ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ sì rántí pé oúnjẹ ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ̀gẹ́ o. Dídá a lẹ́bi láìnídìí kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ẹni tó mọ̀ tí kò sì tètè kọ ńkọ́? Ní 1847, ní Vienna, dókítà Ignaz Semmelweis rí i pé bí dókítà bá fi omi tí wọ́n po kílórììnì mọ́ fọ ọwọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ aláboyún, ikú àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun á dín kù gidigidi. Ó dá a lójú, ṣùgbọ́n kò gbé ìwé tirẹ̀ jáde títí di 1861. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọ̀rẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló ń bá a sọ ọ́ kiri, àwọn mìíràn sì ń gbọ́ ọ sódì. Mi ò sọ pé àìkọ̀wé nìkan ló fà á tí wọn ò fi gbà fún un; àwọn àgbà ibẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ pé ọwọ́ àwọn ló ń pa aboyún. Síbẹ̀, ó kú ní 1865 kí ayé tó gbà pé òótọ́ ló sọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ dókítà máa ń bi mí pé níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí àtẹ. Kẹ́ ẹ tó kọ gbólóhùn kan ṣoṣo, ẹ ya àtẹ tí ẹ ó fi kó ohun tí ẹ rí jọ. Ká sọ pé orí ibà pọ́njú ọmọ tuntun ní wọ́ọ̀dù yín ni ìwádìí yín dá lé. Ẹ fi iye ọmọ sí àtẹ kìíní, àti ọjọ́ orí wọn, ìwọ̀n wọn, ibi tí wọ́n bí wọn sí. Ẹ fi àwọn tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ iná àti àwọn tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn sí èkejì. Wàyí o, ẹ gbé méjèèjì síra. Bí ọmọ 120 bá wà nínú àtẹ kìíní, tí 117 wà nínú èkejì, ẹ má kọ̀wé kankan mọ́. Ẹ dìde, ẹ lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó káàdì sí, ẹ gbọn eruku nù, kẹ́ ẹ wá àwọn mẹ́ta yòókù. Ó lè jẹ́ pé ìyá ọ̀kan kò rówó san, ló bá gbé ọmọ rẹ̀ lọ kílẹ̀ tó mọ́. Ó lè jẹ́ pé ọ̀kan kú kí èsì àyẹ̀wò tó dé. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kọ orúkọ ẹ̀kẹta. Ẹni tó bá yọ àwọn mẹ́ta yìí kúrò kí iye lè bára mu ti sọ fáyé pé gbogbo ọmọ tó wá sọ́dọ̀ wa la tọ́jú tán, irọ́ sì ni. Ẹni tó bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀kan lọ nítorí owó, ọ̀kan kú kí àyẹ̀wò tó jáde, ti sọ ohun kan tí ìjọba àti ilé ìwòsàn lè lò ju gbogbo ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tó wà nínú pépà náà lọ.

Lẹ́yìn àtẹ, ẹ kọ ọ̀nà tí ẹ gbà ṣe é. Apá yìí làwọn èèyàn máa ń sáré kọjá, òun sì ni gbogbo pépà rọ̀ mọ́. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni tó ń júwe ilé fún àlejò tí kò dé ìlú náà rí: kò tó láti sọ pé ẹ̀yìn ọjà ni, ẹ̀yìn ọjà níhà ibo, ilé kẹlòó láti ibi mọ́ṣáláṣí? Ta lẹ kà mọ́ ìwádìí yín, ta lẹ yọ, kí nìdí? Ẹ̀rọ wo lẹ fi wọn ẹ̀jẹ̀? Ta ló bá aláìsàn sọ̀rọ̀, èdè wo ló fi bá a sọ ọ́, báwo ló sì ṣe gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀? Ìgbìmọ̀ wo ló yẹ ìwádìí náà wò pé kò ní pa aláìsàn lára? Bí ìyẹn bá ti dúró, ohun tí ẹ rí á kọ ara rẹ̀. Ìtumọ̀ tí ẹ fún un kò gbọdọ̀ gùn ju agbára ẹ̀rí lọ. Àṣamọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ kẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì fi gbogbo ọkàn kọ ọ́, torí ọ̀pọ̀ dókítà tí iṣẹ́ ká mọ́lẹ̀ kò ní ka ju ibẹ̀ lọ kí wọ́n tó pinnu ohun tí wọ́n á fún aláìsàn.

Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, lẹ́tà olóòtú á dé. Mo ti rí ọ̀dọ́ tó sunkún nítorí irú lẹ́tà yẹn, pé, "Ọ̀gá, wọ́n ti kọ̀ ọ́, iṣẹ́ ọdún méjì ti ṣòfò." Mo ní kó jókòó, kó ka ohun tí àwọn olùyẹ̀wò wí sí mi létí. Nígbà tó fi máa kà á tán, òun fúnra rẹ̀ ti ń sọ pé, "Èyí tí wọ́n sọ yìí, òótọ́ ni o." Kí jọ́nà kan kọ iṣẹ́ kì í ṣe ègún. Ẹ dáhùn gbogbo ìbéèrè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn bá ti tọ̀nà, ẹ tún un ṣe. Ibi tí wọ́n bá ti ṣì, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn pẹ̀lú ẹ̀rí. Àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò yìí kì í sábà gba kọ́bọ̀, dókítà àti onímọ̀ bíi tiyín ni wọ́n. Bí wọ́n bá ké sí ẹ̀yin náà lọ́la pé kẹ́ ẹ wá yẹ tẹlòmíràn wò, ẹ má sá fún un.

Ọ̀rọ̀ orúkọ orí pépà le díẹ̀, mo sì mọ̀ pé inú àwọn kan ò ní dùn sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ìgbìmọ̀ àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn, tó bẹ̀rẹ̀ ní Vancouver ní Kánádà ní 1978, ti là á sílẹ̀ pé òǹkọ̀wé ni ẹni tó kópa gidi nínú ìwádìí náà, tó lọ́wọ́ sí kíkọ rẹ̀ tàbí àtúnṣe tó jinlẹ̀, tó fọwọ́ sí i kó tó jáde, tó sì gbà láti dáhùn fún un bí wọ́n bá pè é lẹ́jọ́. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbọ́dọ̀ pé. Kò síbi tí wọ́n ti sọ pé olórí ẹ̀ka ni. Síbẹ̀ ẹ lọ wo pépà wa: ọ̀gá tí kò rí káàdì kan ṣoṣo ló ṣáájú, nọ́ọ̀sì tó jí lóru kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kò sí níbì kankan, àní wọn ò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ bọ̀wọ̀ fágbà, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ gbé báàgì wọn. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ẹ bá kọ sórí ìwádìí, ẹ̀rí ni. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀bùn ọdún.

Nítorí bí irọ́ bá jáde, kì í rọrùn láti pè é padà. Ní 1998, The Lancet gbé iṣẹ́ Andrew Wakefield àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde lórí ọmọ méjìlá péré, tó mú káwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà èéyi. Akọ̀ròyìn kan, Brian Deer, ló tú àṣírí rẹ̀ síta. Ọdún 2010 ni jọ́nà náà tó fa iṣẹ́ náà yọ pátápátá, ìgbìmọ̀ àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì yọ orúkọ Wakefield kúrò lára àwọn dókítà lọ́dún kan náà. Ọdún méjìlá! Ìbẹ̀rù tó dá sílẹ̀ kò tíì tán lónìí.

Àwọn jọ́nà gbájúẹ̀ wà pẹ̀lú. Ẹ ti rí ímeèlì wọn: wọ́n á pè yín ní ọ̀jọ̀gbọ́n tó gbajúmọ̀ kárí ayé, wọ́n á ní kẹ́ ẹ fi pépà ránṣẹ́ lónìí, yóò jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ṣáà san dọ́là. Ní 2013, akọ̀ròyìn John Bohannon, tó ń ṣiṣẹ́ fún jọ́nà Science, kọ ayédèrú pépà kan tí àṣìṣe inú rẹ̀ hàn kedere sí ẹni tó bá kà á, ó sì fi ránṣẹ́ sí jọ́nà 304. Èyí tó gbà á wọlé jẹ́ 157. Ohun tó dùn mí nínú rẹ̀ ni pé orúkọ àwọn ará Áfíríkà àti ilé ẹ̀kọ́ Áfíríkà tí kò sí níbì kankan ló fi bo ẹ̀tàn náà. Ó gbà pé kò sẹ́ni tí yóò fura sí i. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wa bá ń ka iye pépà láìkà á, àwọn gbájúẹ̀ yìí ló ń bọ́.

Ní báyìí, ohun tó wúwo jù lọ́kàn mi. Ní 1982, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù gbé ìwádìí kan jáde nínú jọ́nà ilé ẹ̀kọ́ Pasteur ní Faransé. Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Liberia wò, wọ́n rí àmì pé Ebola ti kan àwọn kan nínú wọn, wọ́n sì kọ ọ́ pé ó yẹ kí wọ́n ka Liberia mọ́ àwọn ilẹ̀ tí àrùn náà wà. Ọdún kejìlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà ni Ebola wọ Liberia ní 2014. Ó lé ní 4,800 èèyàn tó bá a lọ níbẹ̀, dókítà àti nọ́ọ̀sì wà nínú wọn, tí wọ́n ń fi ọwọ́ lásán tọ́jú aláìsàn torí wọ́n gbà pé àrùn náà kò sí lágbègbè àwọn. Ní oṣù Kẹrin 2015, Dókítà Bernice Dahn, àgbà oníṣègùn nílé iṣẹ́ ìlera Liberia, àtàwọn méjì mìíràn kọ ọ́ sínú New York Times pé irú àpilẹ̀kọ bẹ́ẹ̀ ti wà, àwọn ò mọ̀. Wọ́n ní kò sí ọmọ Liberia kankan lára àwọn tó kọ wọ́n, àti pé láti rí ọ̀kan kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dókítà ibẹ̀ gbọ́dọ̀ san dọ́là 45, tó tó nǹkan bí ìdajì owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀.

Ẹ ro ìyẹn wò. Wọ́n kọ ọ́. Wọ́n kọ ọ́ dáadáa. Òótọ́ ni wọ́n kọ. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Liberia ni wọ́n fi kọ ọ́, kò sì dé Liberia.

Nígbà tí àrùn náà ti Liberia wọ Èkó ní oṣù Keje 2014, èèyàn 20 ló mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ sì kú, Dókítà Ameyo Adadevoh tó kọ̀ láti jẹ́ kí aláìsàn àkọ́kọ́ jáde wà lára wọn. Kí oṣù Kẹwàá tó rìn jìnnà, àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ká a kò ti jáde nínú ìwé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ àjọ CDC ti Amẹ́ríkà, Dókítà Faisal Shuaib ló ṣáájú àwọn òǹkọ̀wé, ẹnikẹ́ni níbikíbi sì lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn: kíá, lọ́wọ́ àwọn tó ṣiṣẹ́ náà, síbi tí ẹni tí iná ń jó lè rí i kà.

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ: owó ńkọ́? Òótọ́ ni. Jọ́nà tí òǹkàwé kò sanwó rẹ̀, òǹkọ̀wé ló máa ń san án. Ní 2021, Nature ń béèrè 9,500 yúrò lórí àpilẹ̀kọ kan tí wọ́n bá fẹ́ kó wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Ta ló rí irú owó bẹ́ẹ̀ nínú wa? Àwọn jọ́nà kan máa ń dín owó yìí kù tàbí kí wọ́n fojú fò ó fún òǹkọ̀wé láti ilẹ̀ tí kò lówó. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá gbà á tán. Láti 2002 ni àjọ ìlera àgbáyé ti dá HINARI sílẹ̀, tí ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn wa lè gbà ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún jọ́nà. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni kò mọ̀ pé àṣẹ ìwọlé wà lọ́wọ́ àwọn aláàbójútó ilé ìkàwé wọn. African Journals Online, tó wà ní Gúúsù Áfíríkà báyìí, ti ń kó jọ́nà ilẹ̀ wa sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 1998. Ìbàdàn sì ti ní jọ́nà ìṣègùn tirẹ̀ láti 1970. Bí ìwádìí yín bá jẹ́ ohun tí dókítà ní Ṣakí tàbí Ìkàrẹ́ yóò lò ní ọ̀la, ẹ má tìjú láti fi í síbi tí dókítà Ṣakí yóò ti rí i. Ìgbìmọ̀ ìgbéga ló yẹ kó yí ìwà padà lórí èyí, mo sì ń sọ ọ́ lójú àwọn tó wà nínú wọn níbí.

Ó ku àwọn tí kì í ka jọ́nà rárá. Ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn, àwọn àgbàlagbà gba àwọn olùwádìí sílé, wọ́n dáhùn ìbéèrè lórí ìrántí àti ìgbàgbé ní èdè Yorùbá, wọ́n sì tún jẹ́ kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Osuntokun yìí kan náà wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà pẹ̀lú Hugh Hendrie ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí èsì rẹ̀ jáde nínú jọ́nà JAMA ní 2001, Yorùbá 2,459 àti adúláwọ̀ Amẹ́ríkà 2,147 ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì rí i pé àrùn ìgbàgbé Alzheimer ń mú ìdá 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbàlagbà Yorùbá náà lọ́dún, nígbà tó ń mú ìdá 2.52 nínú àwọn ti Indianapolis. Ayé ṣì ń béèrè ìdí rẹ̀ títí dòní. Irú ohun tí àwọn ìyá àti bàbá wa lè fi ẹnu wọn mú jáde nìyẹn.

Nítorí náà mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Kí gbogbo pépà tó bá ti ọwọ́ wa jáde ní ojú ewé kan ní Yorùbá: ohun tí a béèrè, ohun tí a rí, ohun tí kò tíì dá wa lójú. Kí ẹni tó kọ ọ́ fúnra rẹ̀ gbé e padà lọ sí abúlé tàbí wọ́ọ̀dù tó ti gba ẹ̀jẹ̀ èèyàn, kó kà á sí wọn létí, kó sì dúró gbọ́ ìbéèrè wọn. Bébà àti owó ọkọ̀ ni gbogbo ìnáwó rẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti jáde lọ́dún yìí lè bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi yóò sì bá ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ tirẹ̀ jókòó tì í.